Jọ́tà, ìwé nọ́ńbà, Sheets tàbí áàpù: èwo ni kí ẹ fi máa kọ ọkọ̀ ojú irin tí ẹ bá rí?

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ni. Ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ wá gba ibùdókọ̀ Clapham Junction ní London kọjá, kò ní dúró, ẹ́ńjìnnì méjì ló so kọ́ra wọn níwájú, nọ́ńbà ara wọn kò sì tóbi rárá. Fóònù wà nínú àpò ẹ̀wù òtútù, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, ẹ yọ fóònù, ó ní òun ò dá ojú yín mọ̀ nítorí aṣọ tí ẹ fi wé imú. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ wá áàpù, áàpù ń yí bírípo. Nígbà tó máa fi ṣí, ìdí wágọ́nù tó kẹ́yìn lẹ ń wò.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè tí àbúrò mi kan bi mí lóṣù tó kọjá kò fi ní ìdáhùn kúkúrú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, áàpù wo ni kí n gbé sórí fóònù, kí n lè máa kọ àwọn ọkọ̀ ojú irin tí mo ń rí?" Mo ní kó má tíì gbé ohunkóhun sórí fóònù, kó lọ ra jọ́tà. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Àwàdà kọ́. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo ti gbà kọ nọ́ńbà, mo ti jìyà lọ́wọ́ mẹ́ta nínú wọn, mo sì fẹ́ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ lè mú èyí tó bá yín lára mu.

Kí la tilẹ̀ ń kọ?

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí: ní ilẹ̀ Britain, àwọn èèyàn wà tí ìgbádùn wọn ni kí wọ́n dúró sí ibùdókọ̀ rélùwéè, kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó bá ń kọjá. Ó ti pẹ́. Ní 1942, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Southern Railway ní Waterloo, Ian Allan, tẹ ìwé pélébé kan jáde tó to nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ilé iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn aráàlú ló máa ń kọ lẹ́tà wá láti béèrè ọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì, òun ló sì ń dá wọn lóhùn. Ó rí i pé ìwé kan ṣoṣo lè gba òun lọ́wọ́ wàhálà yẹn. ABC ni wọ́n ń pe ìwé náà, ṣílè kan lowó rẹ̀. Àwọn ọmọdé a máa fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n bá ti rí. Ìlà yẹn ni gbogbo nǹkan dá lé títí dòní. Ohun tí áàpù ṣe ni pé ó sọ ọ́ di bọ́tìnì.

Èmi ò mọ̀ pé ó lórúkọ. Ní Agége tí mo dàgbà sí, bí rélùwéè bá ń kọjá, a máa ń ka wágọ́nù rẹ̀ sókè, ẹni tó bá ṣì í kà ni yóò ra gúgúrú fún àwọn tó kù. Ìgbà tí mo dé London, tí mo rí bàbá arúgbó kan lórí pèpéle pẹ̀lú fúláàsì tíì àti jọ́tà lórí itan, mo mọ̀ pé mo ti rí ẹgbẹ́ mi.

Nọ́ńbà òde òní kò le. Ti ẹ́ńjìnnì jẹ́ márùn-ún: méjì àkọ́kọ́ sọ irú ẹ̀yà tó jẹ́, mẹ́ta tó kù sọ ẹ̀yọ kọ̀ọ̀kan. 66 lẹ máa rí jù níwájú ẹrù. Canada ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ní ìlú kan tí òun náà ń jẹ́ London, ní Ontario. Èyí àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Britain ní 1998, wọ́n sì lé ní 400 kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run: láìsí nọ́ńbà, 66 kan kò yàtọ̀ sí èkejì lókèèrè. Ọkọ̀ akérò tí wọn kì í tú kóòṣì rẹ̀ ká ní nọ́ńbà mẹ́fà, bíi 377 416, kóòṣì kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ sì tún ní tirẹ̀. Ẹ pinnu láti ọjọ́ kìíní bóyá odindi ọkọ̀ lẹ fẹ́ máa kà tàbí kóòṣì kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tó bá yí ìpinnu yìí padà lẹ́yìn ọdún kan máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Jọ́tà

Jọ́tà kékeré tó wọ àpò àyà, pẹ́ńsù tí a fi okùn so mọ́ ọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, kò ní bátìrì tó máa kú, ẹ sì lè máa kọ ọ́ láì wò ó, kí ojú yín ṣì wà lára ọkọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni áàpù kankan kò tíì lè ṣe.

Pẹ́ńsù ni mo wí o, kì í ṣe báírò. Òjò wínníwínní tó ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé máa ń sọ ìwé di rírin, báírò kì í sì í kọ lórí ìwé tó bá ti rin.

Ohun tí mò ń kọ kò pọ̀: aago, nọ́ńbà, ọfà tó fi ibi tí ọkọ̀ kọrí sí hàn. Ọjọ́ àti orúkọ ibùdókọ̀ wà lókè ojú ewé lẹ́ẹ̀kan péré. Bí nọ́ńbà kan kò bá dá mi lójú, mo máa ń fi àmì ìbéèrè sí iwájú rẹ̀. Ẹ má fojú kéré àmì yẹn. Àwọn áàpù tí mo ti lò kì í gbà kí èèyàn sọ pé "66 ni, ó parí sí 9, n kò rí àárín." Nọ́ńbà tó pé ni wọ́n fẹ́, ìyẹn ló sì ń mú kí èèyàn máa purọ́ fún ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àléébù jọ́tà ni pé kì í rántí nǹkan. Mẹ́tàdínlógún ni mo ní nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ní kí n sọ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí 66 kan báyìí, a ó jọ jókòó tilẹ̀ á fi ṣú.

Ìwé nọ́ńbà

Irú ìwé ABC àtijọ́ ṣì wà. Platform 5, ilé ìtẹ̀wé kan ní Sheffield, ń tẹ tuntun jáde lọ́dọọdún, ẹ́ńjìnnì àti kóòṣì gbogbo ilẹ̀ Britain. Ilé ni ẹ ti ń ṣí i, lálẹ́, kí ẹ máa da ohun tó wà nínú jọ́tà kọ sínú rẹ̀, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Èyí tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí fún ìgbà àkọ́kọ́, cop ni àwọn òyìnbó ń pè é. Èmi àti ọmọ mi ń pè é ní àkọ́rí.

Àwọn ọ̀dọ́ ka ìdàkọ yìí sí ìfàkókòṣòfò. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà ìdàkọ ni àṣìṣe ń jáde. Bí mo bá ti kọ 377 900, ìwé á sọ fún mi pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú ló ṣì mí. Kò kúkú lè gbà mí lọ́wọ́ ohun gbogbo. 377 416 wà, 377 461 náà wà, ẹni tó bá ṣèèṣì gbé 6 síwájú 1, kò sí ìwé tàbí áàpù tó máa mú un.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni èyí tí kò ní ìlà lábẹ́. Òun ló ń pe èèyàn jáde nílé láàárọ̀ Sátidé.

Sheets, àti pańpẹ́ méjì inú rẹ̀

Inú Google Sheets, tábìlì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ojúlówó àkójọ mi wà lónìí, nítorí náà ẹ mọ̀ pé mo ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dá òpó sílẹ̀: ọjọ́, aago, ibi, nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ lè kọ Yorùbá sí i pẹ̀lú àmì orí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí ẹ ti rí 66 kan, ẹ wá a, lójú ẹsẹ̀ ló jáde. Ó wà lórí fóònù, ó wà lórí kọ̀ǹpútà, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé ọkọ̀ tí ẹ fi ojú ara yín rí kò sí nínú àkójọ òun.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti pańpẹ́ kìíní. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà tó ń jẹ́ 08, tí wọ́n fi ń ti kóòṣì síwá sẹ́yìn nínú ọgbà rélùwéè. 996 ni wọ́n ṣe láàárín 1952 sí 1962, díẹ̀ nínú wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ 08850 sínú Sheets. Ó gé òdo iwájú dànù, ó ní 8850. Lójú kọ̀ǹpútà, iye owó lẹ kọ, òdo iwájú owó kò sì ní ìtumọ̀.

Pańpẹ́ kejì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú irin kọ̀ọ̀kan ní Britain ní àmì ìrìn tí wọ́n ń pè ní headcode: nọ́ńbà kan, lẹ́tà kan, nọ́ńbà méjì. Bí 1 bá wà níwájú, ọkọ̀ akérò tó ń sáré ni. 2 ni èyí tó ń dúró káàkiri. 5 ni kóòṣì òfìfo tó ń lọ sùn. 4 àti 6 jẹ́ ti ẹrù. Ní ọ̀nà jíjìn, lẹ́tà máa ń sọ agbègbè tó ń lọ, E sì ni àwọn tó ń ti Edinburgh bọ̀ wá sí King's Cross ní London ń lò. Ẹ tẹ 1E05 sínú Sheets kí ẹ wò ó. Ó di 1.00E+05. Ó rò pé ìṣirò sáyẹ́ǹsì lẹ fẹ́ ṣe, ó ti sọ ọkọ̀ Edinburgh yín di 100,000! Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń kọ ọ́ lọ kí n tó ṣàkíyèsí, torí lórí fóònù, òpó náà tín-ín-rín, n kò rí ohun tó wà nínú rẹ̀ dáadáa.

Oògùn kan náà ló wo àwọn méjèèjì. Ẹ yan gbogbo òpó nọ́ńbà, ẹ lọ sí Format, lẹ́yìn náà Number, ẹ mú Plain text. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun o. Òdo tó bá ti lọ kì í dá padà wá.

Lórí pèpéle ńkọ́? Ìyà ni. Àpótí rẹ̀ kéré ju ìka lọ, ẹ máa fẹ́ tẹ ìlà kẹrin, ẹ ó tẹ ìkarùn-ún. Mo ti rí ẹni tó pa iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ́ nídìí gíláàsì fóònù tí òjò pa.

Áàpù

Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n ń pe nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní áàpù ìṣọ́kọ̀.

Ìkíní kì í ṣe ìkọ̀wé rárá. Irú rẹ̀ ni Realtime Trains, tó ti wà láti 2012, tó ń fi dátà Network Rail, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ojú irin Britain, sọ ohun tó ń bọ̀, aago tó máa dé àti pèpéle tó máa gbà. Ọkọ̀ akẹ́rù tí kò sí lójú pátákó ibùdókọ̀ wà níbẹ̀. N kì í jáde nílé láì wò ó. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bọ̀ ló mọ̀, kò mọ ohun tí ẹ rí.

Ìkejì ni áàpù tí wọ́n ti kó gbogbo nọ́ńbà sínú rẹ̀ ṣáájú. Ẹ tẹ 66, gbogbo wọn jáde. Ẹ tẹ nọ́ńbà mẹ́ta tó kù, ó kọ aago àti ibi tí ẹ wà fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ àkọ́rí, àwọ̀ rẹ̀ yí padà lójú yín. Ó ń sọ pé ó ku mẹ́wàá kí ẹ parí ẹ̀yà kan. N kò ní tan yín, ìgbádùn yẹn kò kéré. Ọmọ mi tí kò ní sùúrù fún jọ́tà dúró wákàtí mẹ́ta nínú atẹ́gùn nítorí pé áàpù ní ó ku ẹyọ méjì.

Ìkẹta ni èyí tó jẹ́ òfìfo, tí ẹ̀yin fúnra yín á máa kọ ohun tó wù yín sí. Sheets tí wọ́n wọ̀ ní aṣọ tó dára ni, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Orí ìkejì ni ọ̀rọ̀ wà, torí òun ni gbogbo ènìyàn ń wá. Ohun kìíní tí ẹ máa ṣọ́: ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú àkójọ inú rẹ̀ ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Ọkọ̀ tuntun máa dé, wọ́n á fọ́ ti àtijọ́, wọ́n á sì yí nọ́ńbà padà. Ẹ wo 66008: nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ akẹ́rù GB Railfreight, ó di 66780. Irin kan náà ni, ẹ́ńjìnnì kan náà. Bí ẹ bá ti rí i ní 66008, ṣé àkọ́rí ni nígbà tí ẹ rí 66780? Áàpù tí mo kọ́kọ́ lò ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fún mi ní ìràwọ̀. Mo bínú sí ìràwọ̀ náà. Lójú tèmi, ẹni tó yí orúkọ padà kò di ènìyàn méjì. Àwọn àgbà orí pèpéle kan kò gbà pẹ̀lú mi, wọ́n ní nọ́ńbà là ń kó, kì í ṣe irin. Ẹ fi Flying Scotsman, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó lókìkí nì, dán áàpù èyíkéyìí wò: ó jáde ní 1923 gẹ́gẹ́ bí 1472, ó di 4472, ó di 502, ó di 103, ó sì di 60103 tó ń jẹ́ lónìí lábẹ́ ilé àkójọ ohun rélùwéè ní York. Bí áàpù kò bá lè so nọ́ńbà márààrún mọ́ ara kan ṣoṣo, ẹ mọ ohun tí ẹ rà.

Ohun kejì tí ẹ máa ṣọ́: ọjọ́. Àwọn áàpù tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà máa ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́. 03/04 di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ẹ ò sì ní mọ̀ àfi ìgbà tó bá di 13/04 tí áàpù bá kọ̀.

Ohun kẹta kàn àwọn tó ní ọmọ. Àwọn áàpù kan ń fi ohun tí ẹ rí han gbogbo ayé lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ibi tí ẹ wà. Ó ń ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, òótọ́ ni. Bí mo bá rí ẹ́ńjìnnì ṣíṣọ̀wọ́n ní Reading, ẹni tó wà ní Paddington á ti múra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlá kò gbọ́dọ̀ máa kéde orí pèpéle tó dúró sí fún àjèjì. Mo pa ìkéde yẹn lórí fóònù ọmọ mi. Kí ẹ wá bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á kí ẹ tó gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́.

Tábìlì fún ẹni tó ń kánjú

| | Jọ́tà | Ìwé nọ́ńbà | Sheets | Áàpù |
|---|---|---|---|---|
| Nínú òtútù àti òjò | ó yá jù | ẹ fi í sílé | ìyà | ó dá lórí ìka yín |
| Ṣé mo ti rí i rí? | kò mọ̀ | ó mọ̀, bí ẹ bá fa ìlà | ẹ wá a | lójú ẹsẹ̀ |
| Nọ́ńbà tí kò sí | kò kàn án | ó mú un | kò kàn án | ó mú un. Nígbà mìíràn ó kọ èyí tó wà |
| "N kò rí i tán" | àmì ìbéèrè | rárá | ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ | rárá |
| Bí fóònù bá sọnù | kò ṣe é ní nǹkan | kò ṣe é ní nǹkan | ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì | ẹ bi í léèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ |

Bí ẹ bá ka tábìlì yìí lásán, ẹ ó rò pé áàpù ló borí ní ìlà kejì, jọ́tà ní ìkíní, kí kálukú mú tirẹ̀ lọ. Ìlà tó kẹ́yìn ló gba omi lójú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọdún méjì tó lọ

Áàpù kan wà tí mo lò fún ọdún méjì gbáko. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó rẹwà, ó yára, mo ti fi í kọ ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Lọ́jọ́ kan fóònù mi gba àtúnṣe tuntun lóru, láàárọ̀ áàpù náà ṣí, ó funfun gbòò, ó tì. Mo yọ ọ́, mo tún gbé e padà, ó ní ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin tuntun. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣe é, kò sẹ́ni tó dáhùn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a ò rí i lórí ìtajà áàpù mọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé jọ́tà ti kúrò lọ́wọ́ mi ní gbogbo àkókò yẹn. Mo ti ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe.

Fọ́tò ló yọ mí díẹ̀. Mo máa ń ya ọkọ̀ tó bá wù mí, fọ́tò fóònù sì máa ń gbé aago sínú ara rẹ̀, ibi tí wọ́n ti yà á náà, bí GPS bá wà ní títàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń ṣí fọ́tò kọ̀ọ̀kan, tí mò ń fẹ nọ́ńbà rẹ̀ tóbi, tí mò ń kọ ọ́ sínú Sheets. Mo gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta padà. Ìyókù ti lọ bí omi tó dànù.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ka kámẹ́rà fóònù sí irinṣẹ́ karùn-ún. Fún ọkọ̀ tí kò ní dúró, n kì í tilẹ̀ ya fọ́tò, fídíò ni mò ń gbà: ẹ gbé fóònù sókè kó tó dé, ẹ jẹ́ kó kọjá, ẹ dá fídíò dúró nílé, nọ́ńbà wà níbẹ̀. Lálẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran, ó sì ń jẹ àyè fóònù bí iná. Ẹ pa iná kámẹ́rà. Wọn ò gbà á lórí pèpéle ní Britain nítorí ojú awakọ̀. Ẹ sì dúró sẹ́yìn ìlà yẹ́lò. Ẹni tó ń wo ojú fóònù kì í mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sún síwájú, mo ti fa èèyàn lẹ́wù sẹ́yìn rí.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n n kò ní fi yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń lọ sórí pèpéle lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó fẹ́ gbádùn ara rẹ̀, kó mú jọ́tà àti ìwé nọ́ńbà. Tíì nìkan ló kù.

Ẹ̀yin tó ń wọ rélùwéè lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tó jẹ́ pé ọkọ̀ tó gbé yín nìkan lẹ fẹ́ máa kọ, ẹ lo áàpù. Ẹ wà lórí ìjókòó, ọwọ́ yín gbẹ, nọ́ńbà ọkọ̀ náà sábà wà lára ògiri inú kóòṣì. Ohun tí mo sọ nípa òtútù kò kàn yín.

Ọmọdé: áàpù, ṣùgbọ́n kí òbí máa kó dátà jáde lóṣooṣù. Ọmọ tí kò bá rí iye tó kù kò ní dúró, mo ti gbìyànjú.

Ẹ̀yin tó wà nílé ńkọ́? Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, ti ń gbé èrò láti 2021; Blue Line bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2023, Red Line tẹ̀lé e ní oṣù kẹwàá 2024. Ọkọ̀ Talgo orí Red Line ní ìtàn tó yẹ kí gbogbo akónọ́ńbà mọ̀: ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, kò gbé èrò níbẹ̀ rí, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wá rà á ní 2022. Áàpù tí wọ́n ṣe fún Britain kò mọ̀ pé ó wà láyé. Ẹ máa ṣí i, ẹ máa tẹ nọ́ńbà, ó máa ní kò sí. Jọ́tà àti Sheets ni tiyín, ìyẹn náà sì ní adùn tirẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín to àkójọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì to fún yín, bí Ian Allan ti ṣe. Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè, ẹ kọ́kọ́ kí òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe fún un. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà" ti ṣílẹ̀kùn fún mi ju ìwé àṣẹ lọ.

Èmi fúnra mi? Jọ́tà lórí pèpéle, fídíò fún èyí tó ń sáré, Sheets lálẹ́ ọjọ́ náà kí n tó sùn. Áàpù wà lórí fóònù mi, fún ìgbádùn àwọ̀ tó ń yí padà. N kò fi ohunkóhun sínú rẹ̀ tí kò sí níbòmíràn.

Ìdánwò kí ẹ tó fọkàn tán áàpù kankan

Bí ẹ bá ti pinnu pé áàpù lẹ fẹ́, ẹ ṣe èyí lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á sórí fóònù, kí ẹ tó kọ ẹyọ kan tó jẹ́ òótọ́ sí i. Ẹ kọ márùn-ún tí ẹ hùmọ̀, kí ọ̀kan jẹ́ 08, kí òmíràn ní headcode tó ní E. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ kọ ẹ̀kẹfà, kí ẹ rí i bóyá ó gbà. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń kó dátà jáde. CSV ni kó fún yín, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí Sheets àti Excel lè ṣí. Bó bá jẹ́ àwòrán tàbí PDF nìkan ló lè fún yín, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ fi CSV ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ má kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí Excel ṣí i, torí Excel yóò gé òdo 08 yín nígbà ṣíṣí, bí ẹ bá sì tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó parí. Ẹ gbé e wọlé, kí ẹ sọ pé Text ni òpó nọ́ńbà àti ti headcode.

Lẹ́yìn náà ẹ yọ áàpù kúrò lórí fóònù pátápátá, ẹ tún gbà á padà, kí ẹ wọlé. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá padà wá, pẹ̀lú òdo iwájú 08 àti E inú headcode, ẹ pa wọ́n rẹ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ máa lọ sí ibùdókọ̀. Kí ẹ mú jọ́tà dání.